Olè Tí Kì Í Fọ́ Ilẹ̀kùn: Ta Ni Yóò Bá Wa Ṣọ́ Ìbò Wa?

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí, ìtìjú ni ó kọ́kọ́ jẹ́ fún mi kí ó tó di ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n bí ìtìjú mi bá lè gba ẹnì kan sílẹ̀ lọ́wọ́ òfò, bí ẹ tilẹ̀ fi mí ṣe ẹ̀rín, kò burú.

Olùkọ́ ni mí ní ìlú Awo, tí í ṣe olú ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ẹgbẹ́dọ̀rẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ẹ̀gbọ́n mi àgbà, Ìyá Ràṣídì, ẹlùbọ́ àti gaàrí ni ó ń tà. Láti Awo níbí ni ó ti ń kó wọn lọ sí ọjà Ẹdẹ. Owó orí igbá rẹ̀ ni mo fi ka ìwé dé ilé ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́ni tí mo sì jáde. Ẹ rántí èyí, nítorí òun ni ó mú kí ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọ egungun.

Ní ọjọ́ kan ní ọdún 2024, bí aago mẹ́wàá àárọ̀, mo wà ní kíláàsì nígbà tí fóònù mi dún. Ẹni tó pè mí mọ orúkọ mi, ó sì mọ ilé ìwé mi. Ó ní ìpàdé àwọn olùkọ́ kan fẹ́ wáyé lórí fóònù, pé nọ́ḿbà mẹ́fà kan yóò wọlé sí mi lọ́wọ́, kí n kà á fún òun kí òun lè fi orúkọ mi sínú ìwé. Mo kà á. Mo tilẹ̀ kà á lẹ́ẹ̀mejì, bí ẹni ń pe àpèkọ fún ọmọ kíláàsì kẹta, kí ó má baà ṣì í kọ. Kí n tó padà sídìí pátákó, WhatsApp mi ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Kò sí ẹni tó fọ́ ilẹ̀kùn. Èmi fúnra mi ni mo na kọ́kọ́rọ́ sí olè.

Ẹ wá gbọ́ ibi tí ẹ̀bi mi wà gan-an. Kíka nọ́ḿbà fún olè, àṣìṣe ni, ó sì lè ṣe ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n láti aago mẹ́wàá tí mo ti mọ̀, n kò sọ fún ẹnì kan. Ojú ń tì mí. Mo ń rò ó pé, èmi Tíṣà, èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ní ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà, báwo ni n ó ṣe dìde láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kí n ní gbájú-ẹ̀ ti gbá mi? Mo ní kí ilé ìwé ṣáà kọ́kọ́ parí. Nígbà tí aago méjì ku díẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi rí iṣẹ́ kan gbà, orúkọ mi àti àwòrán mi ni ó wà lórí rẹ̀: pé ara ọmọ mi kò yá, pé wọ́n ti gbé e dé ilé ìwòsàn, kí ó jọ̀wọ́ fi ₦40,000 ránṣẹ́ kíákíá. Kò ráyè bi mí léèrè. Owó tó fẹ́ fi ra ọjà ni ó fi ránṣẹ́ sí olè, nítorí ó rò pé àbúrò òun ni.

Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ tí mo ṣàlàyé, kò bú mi. Ó jókòó, ó ń wo ilẹ̀, ó wá ní: "Tíṣà, ẹ̀yin alákọ̀wé ni ẹ ní kí a kó ìbò wa sínú ẹ̀rọ. Bí Tíṣà kò bá lè ṣọ́ fóònù ọwọ́ ara rẹ̀, ta ni yóò ṣọ́ ìbò gbogbo Nàìjíríà? Èmi kò ní tò sórí ìlà fún ìbò mọ́ láéláé."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ₦40,000 náà kò dùn mí tó ọ̀rọ̀ yìí. Owó, mo lè san án díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin tó ti ń dìbò láti ọdún 1999, tó máa ń wá jí mi ní ọjọ́ ìdìbò pé kí n dìde kí oòrùn tó mú, òun ni ó ń sọ pé òun ti fi ìbò sílẹ̀, àfọwọ́fà mi sì ni. Mo pinnu pé n ó wádìí ọ̀rọ̀ náà dé gbòǹgbò kí n lè fún un lésì.

Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni pé àwọn olè tó ń dojú kọ ìjọba lórí ayélujára pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n a lè pín wọn sí oríṣi mẹ́ta, ìyá ọlọ́jà kankan kò sì ní ṣàì dá wọn mọ̀.

Oríṣi kìn-ín-ní ni adínà. Ẹ fojú inú wò ó pé igba ènìyàn ya bo ìsọ̀ ẹ̀gbọ́n mi lẹ́ẹ̀kan náà, tí gbogbo wọn ń béèrè pé, "Èló ni kóńgò?" láìní í ra nǹkan kan. Wọn kò jí ẹlùbọ́, wọn kò fọ́ igbá, ṣùgbọ́n oníbàárà gidi kò ní ríbi gbà dé ìdí ọjà. Ohun tí wọ́n ṣe fún orílẹ̀-èdè Estonia nìyẹn ní ọdún 2007. Wọ́n fi ìbéèrè èké kún ojú òpó ìjọba, ti àwọn báńkì àti ti àwọn ìwé ìròyìn, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó ní iṣẹ́ gidi láti ṣe níbẹ̀ kò rí wọlé mọ́.

Oríṣi kejì ni ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́, irú èyí tó kì mí mọ́lẹ̀. Ní orílẹ̀-èdè Ukraine, lẹ́tà èké ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ iná mànàmáná lórí kọ̀ǹpútà. Àwọn kan ṣí i. Olè gba ibẹ̀ wọlé, ó lúgọ fún oṣù bíi mélòó kan, nígbà tó sì di ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá ọdún 2015, ó pa iná mọ́ àwọn oníbàárà tó lé ní 200,000 lójú ní àkókò òtútù. Ohun tó gbà wọ́n ni pé àwọn òṣìṣẹ́ sáré lọ sídìí ẹ̀rọ, wọ́n fi ọwọ́ tan iná náà padà láàárín wákàtí mélòó kan. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ ọwọ́ yìí sọ́kàn, nítorí n ó padà sórí rẹ̀.

Oríṣi kẹta ni abanilọ́kànjẹ́. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹta ọdún 2015, ọjọ́ tí a ń dìbò Ààrẹ, àwọn kan tó pe ara wọn ní Nigerian Cyber Army gba ojú òpó àjọ elétò ìdìbò, INEC, wọ́n sì kọ ọ̀rọ̀ tiwọn sí i. Kò pẹ́ tí àjọ náà fi gbà á padà. Ìbò kankan kò sí níbẹ̀ tí wọn ì bá jí. Ojú ewé ìròyìn lásán ni. Ṣùgbọ́n irú olè yìí kò fẹ́ gbé ìbò. Ohun tó fẹ́ ni kí ẹ̀gbọ́n mi rí ojú ewé náà, kí ó sì ní, "Ẹ ti rí i, gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́," kí ó jókòó sílé.

Iye ìgbà tí wọ́n ń kan ilẹ̀kùn yìí pọ̀ ju bí mo ti rò lọ. Ní oṣù Kẹta ọdún 2023, Isa Pantami, tó jẹ́ mínísítà ètò ìbánisọ̀rọ̀ nígbà náà, sọ pé ní ọjọ́ ìdìbò Ààrẹ nìkan, ìkọlù 6,997,277 ni wọ́n kà sórí àwọn ojú òpó Nàìjíríà, nígbà tó jẹ́ pé bíi 1,550,000 ni wọ́n ń kà lójúmọ́ ṣáájú ìgbà náà. Ẹ má jẹ́ kí ó já yín láyà jù. Kíkan ilẹ̀kùn ni a ń kà bẹ́ẹ̀, gbogbo ẹni tó kan ilẹ̀kùn kọ́ ni ó wọlé.

Kí wá ni ìjọba ń ṣe? Èkínní, ó ṣe òfin. Òfin tó de ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà jáde ní ọdún 2015, wọ́n sì tún un ṣe ní ọdún 2024. Ẹni tó bá kọlu ẹ̀rọ tí ìjọba ti kéde pé ó jẹ́ òpó ìlú lè ṣe ẹ̀wọ̀n tó tó ọdún 10, láìsí pé ó lè fi owó ra ara rẹ̀. Bí ẹ̀mí bá bá a lọ, ẹ̀wọ̀n gbére ni. Ọdún 2015 ni òfin náà ti fún Ààrẹ ní agbára láti kéde irú òpó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọdún 2024 ni ìkéde tó dárúkọ àwọn ohun èlò ìbánisọ̀rọ̀ tó jáde. Ọdún mẹ́sàn-án! A ti kọ́ ọgbà, a kò tètè sọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Èkejì, ó yan ẹ̀ṣọ́. Lábẹ́ ọ́fíìsì Olùdámọ̀ràn fún Ààrẹ lórí ètò ààbò ni ẹgbẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní ngCERT. Iṣẹ́ wọn ni láti máa wo ojú òpó kiri, láti kìlọ̀ fún báńkì àti iléeṣẹ́ ìjọba pé olè ń bọ̀ láti ibi báyìí, àti láti bá wọn tún ohun tó bá bàjẹ́ ṣe. Ẹ̀ṣọ́ kì í sì í ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀yin ọlọ́jà kò ní tíì gbàgbé oṣù Karùn-ún ọdún 2024, nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ pàṣẹ pé kí a máa yọ náírà 5 nínú náírà 1,000 tí a bá fi ránṣẹ́ lórí ẹ̀rọ fún iṣẹ́ yìí. Ariwo sọ ní gbogbo ọjà, kí oṣù náà sì tó parí ni wọ́n ti fagi lé àṣẹ náà. Èmi náà pariwo. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a bi ara wa léèrè ibi tí owó ẹ̀ṣọ́ yóò ti wá, kí ìjọba náà sì jíhìn fún wa iye tí ó ń ná.

Ẹ̀kẹta ni ìpamọ́. Estonia tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan kò jókòó máa sunkún. Wọ́n ṣe ẹ̀dà àkọsílẹ̀ ìjọba wọn, wọ́n sì bá orílẹ̀-èdè Luxembourg ṣe àdéhùn ní ọdún 2017 láti tọ́jú rẹ̀ síbẹ̀. Ẹni tó ní ẹlùbọ́ ní àká méjì, bí iná bá jó ọ̀kan, kò ní fi ebi sùn.

Níbí ni mo ti rí èsì àkọ́kọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní a kó ìbò wa sínú ẹ̀rọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 16 oṣù Keje ọdún 2022 tí a dìbò gómìnà ní Ọ̀ṣun, èmi àti òun ni a jọ lọ. Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń pè ní BVAS wo ìka wa tàbí ojú wa láti mọ̀ pé àwa ni a ni káàdì wa. Iṣẹ́ rẹ̀ tán níbẹ̀ ná. Ìwé ni a tẹ̀ka sí, inú àpótí ni a jù ú sí. Nígbà tó di ọ̀sán, wọ́n kà á sókè lójú gbogbo wa, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé èsì, àwọn aṣojú ẹgbẹ́ fọwọ́ sí i, wọ́n sì lẹ ẹ̀dà kan mọ́ ara ògiri. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi BVAS ya àwòrán ìwé èsì, tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ojú òpó tí wọ́n ń pè ní IReV kí gbogbo ayé lè rí i.

Ìwà olùkọ́ kì í fi mí sílẹ̀: mo da nọ́ḿbà ara ògiri yẹn kọ sínú ìwé àjákọ kan. Ní alẹ́, mo ṣí IReV, mo wá ibùdó tiwa, mo fi méjèèjì wé ara wọn. Wọ́n bára mu délẹ̀délẹ̀. Mo fi han ẹ̀gbọ́n mi, inú rẹ̀ dùn bí ẹni tó ṣírò owó ọjà tí kọ́bọ̀ kan kò dín. Nígbà tí wọ́n ka ìbò gbogbo ìpínlẹ̀ pọ̀, Ademola Adeleke ti ẹgbẹ́ PDP ní 403,371, Gboyega Oyetola ti ẹgbẹ́ APC ní 375,027.

Ohun tí a kò mọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà ni pé àwọn olè ti ń kan ilẹ̀kùn IReV. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà ni Festus Okoye, tó jẹ́ agbẹnusọ INEC nígbà náà, sọ pé wọ́n gbìyànjú láti já wọlé nígbà ìdìbò Èkìtì àti ti Ọ̀ṣun, pé àwọn kan tilẹ̀ ti ilẹ̀ Éṣíà wá, ṣùgbọ́n pé wọn kò rí i ṣe. Ẹ jẹ́ kí a tilẹ̀ sọ pé wọ́n rí i ṣe: kí ni wọn ì bá rí gbé? Àwòrán ìwé ni. Ìwé gan-an wà lọ́wọ́ àjọ, ẹ̀dà wà lọ́wọ́ àwọn aṣojú ẹgbẹ́, òmíràn wà lára ògiri. Ibùdó ìdìbò 3,763 ni ó wà ní Ọ̀ṣun. Kò sí olè tó lè jókòó sí Éṣíà kí ó já ìwé lára ògiri 3,763.

Nígbà tí mo bá a dé ibí yìí, ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ti ìbò Ààrẹ ńkọ́?"

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti le. Ní alẹ́ ọjọ́ 25 oṣù Kejì ọdún 2023, mo ṣí IReV gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi. Èsì ti ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ń wọlé, ti Ààrẹ kò wọlé. A wò ó títí, a sùn. Ọjọ́ kejì ni INEC tó bá ará ìlú sọ̀rọ̀ pé ẹ̀rọ ni ó kọsẹ̀, pé kò sí olè tó wọlé, kò sì sí ẹni tó ba nǹkan jẹ́. Nínú ìwé ìròyìn tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2024, wọ́n ṣàlàyé bí wọ́n ṣe to ètò ti Ààrẹ sínú ẹ̀rọ náà tí kò fi lè gba àwòrán wọlé. Ṣùgbọ́n láàárín alẹ́ kan yẹn, irọ́ ti rìn dé gbogbo ọjà. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀; ìdákẹ́jẹ́ alẹ́ yẹn ni ògiri tó lanu. Kò sí olè kankan níbẹ̀ o, síbẹ̀ ohun tí olè ń wá ti bọ́ sílẹ̀ fún un lọ́fẹ̀ẹ́.

Ó tún bi mí nípa ẹjọ́ Ọ̀ṣun, nítorí ọ̀rọ̀ náà kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kìíní ọdún 2023, adájọ́ méjì nínú mẹ́ta tó gbọ́ ẹ̀sùn ìdìbò gómìnà ní ìbò ju iye ènìyàn tí ẹ̀rọ mọ̀ lọ ní àwọn ibùdó kan, wọ́n sì gba ipò náà lọ́wọ́ Adeleke. Ìwé tí wọ́n yọ láti inú kọ̀ǹpútà ńlá INEC, tí wọ́n ń pè ní sáfà, ni olùpẹ̀jọ́ gbára lé fún ibùdó 749. INEC ní kì í ṣe gbogbo BVAS ni ó ti jíṣẹ́ fún sáfà tán nígbà tí wọ́n yọ ìwé náà. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn yí ìdájọ́ náà padà ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹta, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ sì fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 9 oṣù Karùn-ún: ẹni tó bá ní ìbò pọ̀ jù, kí ó gbé BVAS gan-an wá, àti ìwé orúkọ àwọn olùdìbò. N kò sọ ọ́ láti gbè sẹ́yìn ẹgbẹ́ kankan. Ẹ̀gbọ́n mi gan-an ni ó túmọ̀ rẹ̀ dáadáa. Ó ní, "Bí ọmọ ọ̀dọ̀ bá kà báàgì fún mi nígbà tí mọ́tò kejì kò tíì dé, ṣé ìwé rẹ̀ ni n ó fi pe oníbàárà lólè? Báàgì ni n ó lọ kà." Àbí ẹ kò rí i pé adájọ́ ni?

Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ti kọ́ ẹ̀kọ́ yìí náà. Ní Kẹ́ńyà, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní kí àjọ elétò ìdìbò ṣí sáfà rẹ̀ kí àwọn olùpẹ̀jọ́ wò ó. Àjọ náà kò ṣí i bó ti yẹ. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017, ilé ẹjọ́ fagi lé ìdìbò Ààrẹ, àìṣí sáfà yìí sì wà lára ìdí rẹ̀. Wọ́n tún ìbò dì ní oṣù Kẹwàá. Ní ilẹ̀ Jámánì, ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta ọdún 2009, ilé ẹjọ́ tó ń ṣọ́ òfin ìpìlẹ̀ wọn dá ẹ̀rọ ìdìbò tí wọ́n ti lò ní ọdún 2005 lẹ́bi. Wọ́n ní ará ìlú lásán gbọ́dọ̀ lè yẹ ìbò wò fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé ó kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ìyá Ràṣídì ni wọ́n ń dárúkọ níbẹ̀, bí wọn kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n.

Nítorí náà, ohun tí mo rí dì mú nínú gbogbo ìwádìí mi kò ju èyí lọ. Kí ìjọba ṣe òfin, kí ó yan ẹ̀ṣọ́, kí ó ra ẹ̀rọ tó lágbára. Gbogbo rẹ̀ dára, ó sì yẹ. Ṣùgbọ́n kí ó fi ọwọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀rọ, bí àwọn ará Ukraine ṣe fi ọwọ́ tan iná, kí ìwé sì wà lára ògiri tí ọlọ́jà lè kà. Bí nǹkan bá sì bàjẹ́, kí ó wí ní wákàtí náà gan-an, kí ìtìjú má dí i lẹ́nu. Láti aago mẹ́wàá sí aago méjì ni mo fi pa ẹnu mọ́, wákàtí mẹ́rin péré, ₦40,000 ẹ̀gbọ́n mi sì gba ibẹ̀ lọ. Ká ní mo pariwo ni, olè ì bá jẹun òfìfo.

Ẹ̀yin náà, ẹ má ka nọ́ḿbà tó bá wọlé sórí fóònù yín fún ẹnikẹ́ni, ìbáà pe ara rẹ̀ ní báńkì tàbí ìjọba. Bí ọmọ ìyá yín bá fi iṣẹ́ ránṣẹ́ pé òun ń fẹ́ owó, ẹ pè é kí ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀. Bí wọ́n bá jí tiyín, ẹ kéde rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Bí ọjọ́ ìdìbò bá sì dé, ẹ má kàn tẹ̀ka kí ẹ máa lọ sílé. Ẹ dúró ka ara ògiri.

Mo san owó náà fún ẹ̀gbọ́n mi ní ₦10,000 lóṣooṣù, oṣù mẹ́rin. Ní ọjọ́ tí mo san èyí tó kẹ́yìn, mo mú ìwé àjákọ ti ọdún 2022 dání. Ó gbà á, ó fi ìka tẹ̀lé nọ́ḿbà náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ń rò ó pọ̀ lẹ́nu bí ó ti máa ń ro owó gaàrí. Kò sọ pé òun yóò lọ, kò sì sọ pé òun kò ní lọ. Ìgbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà ni ó pè mí padà.

Ó ní, "Fi ìwé yìí sílẹ̀ níbí. Bó bá tún di ọjọ́ ìdìbò, èmi ni n ó kọ ti ara ògiri. Ìwọ, máa ṣọ́ fóònù rẹ."